Àwa mẹ́rìnlá ń lọ sí Mẹ́síkò wo iṣẹ́ ọnà, ilé àtijọ́ àti iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Àwa mẹ́rìnlá la ń múra àtilọ sí Mẹ́síkò nínú oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wa, aláró méjì wà láàárín wa, ẹnì kan sì wà tó jẹ́ pé ilé yíyà ló fi jẹun. Etíkun kọ́ la ń bá lọ. Iṣẹ́ ọnà ni, ilé àtijọ́, àti ibi táwọn awalẹ̀pìtàn ti ń hú ìtàn jáde nínú ilẹ̀. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ mú wa lọ ti fi ètò ọjọ́ mẹ́wàá ránṣẹ́: Ìlú Mẹ́síkò, Teotihuacan, Puebla, Oaxaca, Palenque, Uxmal, Chichén Itzá. Ó dùn ún kà, àmọ́ àyà mi ń já pé inú ọkọ̀ la máa wà títí a ó fi padà sílé. Ìyá kan tún wà nínú wa tó ń fi ọ̀pá rìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, kí ni ká yọ kúrò, kí sì ni a ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ láìrí?

Arìnrìnàjò Peckham

Ẹ kú ètò, mà. Ẹ yọ ọ̀nà ìlà-oòrùn yẹn kúrò pátápátá. Mẹ́síkò ju ìlọ́po méjì Nàìjíríà lọ ní fífẹ̀. Ìpínlẹ̀ Chiapas ni Palenque wà, ìpínlẹ̀ Yucatán ni Uxmal àti Chichén Itzá wà, ọ̀nà wọn sì jìn réré sí Ìlú Mẹ́síkò. Ìlú àtijọ́ àwọn ẹ̀yà Maya ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilẹ̀ wọn sì tó ohun téèyàn ń dìídì lọ wò lọ́tọ̀. Bí ẹ bá yà sí Palenque ní wàrà-wàrà, ẹ ò ní ráyè dúró síwájú Tẹ́ńpìlì Àkọsílẹ̀, níbi tí Alberto Ruz Lhuillier ti kó òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn abẹ́ ilẹ̀ títí tó fi kan ibojì ọba Pakal ní 1952. Irú ibẹ̀ yẹn kò ṣeé sáré wò. Ní ti Chichén Itzá, wọn kì í jẹ́ kí àlejò gun El Castillo, pírámíìdì ńlá ibẹ̀, mọ́, èrò tó ń ti Cancún, ìlú etíkun, wá sì máa ń kún ibẹ̀ kí oòrùn tó wọ́tàrí.

Ẹ mú Ìlú Mẹ́síkò, Teotihuacan, Puebla àti Oaxaca, kí ẹ má fi nǹkan kan kún un.

Ọ̀rọ̀ ara ló kù. Ìlú Mẹ́síkò ga tó mítà 2,240 sí orí òkun. Ẹ máa mí gúlegúle bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn, orí sì lè máa fọ́ àwọn kan. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n kó yín lọ sí Teotihuacan, ìlú àtijọ́ onípírámíìdì yẹn, lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ bá dé. Ẹ rọra rìn nínú ìlú ná, ẹ máa mu omi inú ìgò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nínú yín tó sì ní físà Amẹ́ríkà, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Kánádà, ti Japan tàbí ti Schengen tí kò tíì kú, tàbí tó ní ìwé ìgbélùú ayérayé níbẹ̀, kò nílò físà Mẹ́síkò lọ́tọ̀. Kí olúkúlùkù ṣáà wo ìkànnì ọ́fíìsì aṣojú Mẹ́síkò kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, torí òfin máa ń yí.

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀

Mo kí yín o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ìwalẹ̀ ni mo kọ́, ibẹ̀ ni màá ti sọ̀rọ̀.

Ẹ fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún Museo Nacional de Antropología tó wà nínú ọgbà Chapultepec. Pedro Ramírez Vázquez ló yà á, wọ́n ṣí i ní 1964. Kí ayàwòrán-ilé yín dúró dáadáa ní àgbàlá rẹ̀: òrùlé ńlá kan wà níbẹ̀ tó jókòó lé orí òpó kan ṣoṣo, omi sì ń dà sílẹ̀ yí òpó náà ká. Àwọn gbọ̀ngàn tò yí àgbàlá náà po, ẹ sì lè jáde sí gbangba láti inú èyíkéyìí kẹ́ ẹ tó wọ òmíràn. Ìyẹn máa ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́ gan-an, torí ibi ìjókòó wà, afẹ́fẹ́ sì wà.

Ẹ má gbìyànjú láti wo gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún afinimọ̀nà yín pé gbọ̀ngàn Teotihuacan, ti Mexica (àwọn tí wọ́n tún ń pè ní Aztec) àti ti Oaxaca lẹ fẹ́, torí ibẹ̀ lẹ ń lọ. Nínú ti Mexica lẹ ó ti bá Òkúta Oòrùn, tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 24. Abẹ́ ilẹ̀ Zócalo, gbàgede ńlá àárín Ìlú Mẹ́síkò, ni wọ́n ti hú u jáde ní 1790, wọ́n sì fi í sára ògiri kàtídírà fún ọ̀pọ̀ ọdún, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Èrò máa ń ṣù síwájú rẹ̀ láti ya fọ́tò. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kẹ́ ẹ wo Coatlicue, ìyá àwọn òrìṣà wọn, tó wọ yẹ̀rì ejò, tí ejò méjì sì dojú kọra níbi tó yẹ kí orí rẹ̀ wà. Ọdún kan náà, ibì kan náà ni wọ́n ti rí òun àti Òkúta Oòrùn. Wọ́n tún rì í mọ́lẹ̀ padà, torí ẹ̀rù ń ba àwọn aláṣẹ Sípéènì pé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà lè padà sí bíbọ ọ́.

Mùsíọ́mù yìí ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tẹ́ ẹ bá rí ní pápá á yé yín.

Tíṣà Àgbà

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ dára, àmọ́ mi ò gbà pé mùsíọ́mù ló yẹ kó ṣáájú. Mo ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rin ìrìn-àjò púpọ̀, ohun tí mo sì rí ni pé ojú èèyàn a rẹ̀ nínú mùsíọ́mù bí kò bá tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Zócalo ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní Templo Mayor, tẹ́ńpìlì ńlá àwọn Mexica.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kejì 1978, àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn kàtídírà, irin wọn sì kan òkúta. Òkúta ribiti ni, tó fẹ̀ ju mítà 3 lọ, wọ́n sì gbẹ́ àwòrán Coyolxauhqui sí i lára: orí rẹ̀, apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti gé kúrò lára rẹ̀. Ìtàn àwọn Mexica ni pé Huitzilopochtli, òrìṣà ogun wọn, ló pa obìnrin yìí tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ lórí òkè Coatepec, tó sì tì í ṣubú sísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rí òkúta náà ni ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tó gòkè lọ sójúbọ Huitzilopochtli. Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n bá fi rúbọ lókè, ọ̀dọ̀ Coyolxauhqui ni òkú rẹ̀ máa ń já bọ́ sí. Wọ́n gbẹ́ ìtàn náà, wọ́n kọ́ ọ sínú ilé, wọ́n sì ń tún un ṣe níṣojú gbogbo ìlú. Nígbà tí mo dúró níbẹ̀ tí èyí yé mi, ara mi gbọ̀n.

Eduardo Matos Moctezuma ló ṣáájú iṣẹ́ ìwalẹ̀ náà. Wọ́n wó àwọn ilé tó wà lórí rẹ̀ kí ọ̀nà lè là. Ohun tẹ́ ẹ máa rí lónìí ni àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn, torí bí ọba kan bá fẹ́ mú tẹ́ńpìlì tóbi, kì í wó ti àtijọ́, ńṣe ló ń fi tuntun bò ó. Ẹ bi afinimọ̀nà léèrè ibi tí ère chacmool wà, ère ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ tó gbé àwo lé ikùn, ọ̀dà ara rẹ̀ ò tíì ṣí tán. Òkúta Coyolxauhqui wà nínú mùsíọ́mù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kẹ́ ẹ ti bojú wò ó, ibẹ̀ ló ti hàn pátá.

Bẹ́ ẹ bá jáde, kàtídírà nìyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1573, ó di 1813 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Orí ilẹ̀ adágún omi ni ìlú náà jókòó lé, ó sì ń rì, apá kan ń yára rì ju apá kejì lọ. Nínú kàtídírà, okùn gígùn kan rọ̀ sílẹ̀ láti òkè àjà pẹ̀lú irin ṣóńṣó lẹ́nu rẹ̀, àmì sì wà nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ tó ń fi hàn bí ilé náà ṣe ń fì láti ọdún dé ọdún. Ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Kí ayàwòrán-ilé yín kó gbogbo yín jọ yí i ká.

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo gbà fún yín lórí Templo Mayor. Kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kìíní, kí Antropología wá di ọjọ́ kejì. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí wọ́n lọ Teotihuacan ṣáájú rẹ̀.

Àkànbí Ayàwòrán

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba àwòrán ara ògiri, ìyẹn ló sì gbé èmi lọ.

Lẹ́yìn ogun ìyípadà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1910, ìjọba fi ògiri ilé ìjọba lé àwọn ayàwòrán lọ́wọ́ kí wọ́n fi kọ́ ará ìlú ní ìtàn ara wọn, torí púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀wé. Bẹ́ ẹ bá ráyè fún ibì kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní SEP ni kẹ́ ẹ lọ, ìtòsí Zócalo ló wà. Diego Rivera ló ya ògiri àgbàlá rẹ̀ láti 1923 sí 1928, láti ìsàlẹ̀ títí dé àjà kẹta. Awakùsà, aláró, obìnrin ọjà, àgbẹ̀ tó ń gba ilẹ̀, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ di mùsíọ́mù báyìí. Ẹ rọra yí àgbàlá náà po, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé yín.

Ní Palacio de Bellas Artes, ẹ wo àwòrán tí Rivera yà ní 1934. Ó ti kọ́kọ́ yà á ní Rockefeller Center ní New York, wọ́n sì pa á rẹ́ níbẹ̀ torí pé ó fi ojú Lenin sí i. Ó tún un yà sílé. Iṣẹ́ Orozco àti Siqueiros, ayàwòrán ara ògiri bíi tirẹ̀, náà wà nínú ilé kan náà, ẹ lè fi iṣẹ́ wọn wéra láìgbé ọkọ̀. Tèmi ni pé Orozco ló jinlẹ̀ jù nínú wọn. Rivera ń ṣàlàyé, Orozco ń sunkún.

Ilé ìkàwé UNAM, yunifásítì ìjọba tó wà ní Ìlú Mẹ́síkò, tí Juan O'Gorman ṣe kò ní ọ̀dà kankan lára. Òkúta aláwọ̀ tí wọ́n ṣà jọ láti káàkiri Mẹ́síkò ni wọ́n fi to àwòrán náà sára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, oòrùn ò sì lè ṣá a.

Ilé tí ayàwòrán-ilé Luis Barragán kọ́ fún ara rẹ̀ ní 1948 kì í gba èrò. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń mú wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa ń tán kíákíá. Ẹ pín ara yín sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó kúrò ní Houston. Bákan náà ni ilé aláwọ̀ búlúù ti ayàwòrán Frida Kahlo ní Coyoacán, àdúgbò kan nínú ìlú náà: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, ẹni tó bá lọ lọ́wọ́ òfo ló sábà máa ń padà.

Ọjọ́ Ajé, mùsíọ́mù kì í sábà ṣí. Ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fi lọ Teotihuacan. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Àìkú níbi tó jẹ́ ti ìjọba, torí ọ̀fẹ́ ni fáwọn ọmọ ilẹ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ò ní gbèrò.

Aláró Òṣogbo

Ẹ̀yin aláró méjì tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín ní wákàtí kan péré ní Teotitlán del Valle. Abúlé ahunṣọ àwọn Zapotec, ẹ̀yà ọmọ ilẹ̀ Oaxaca, ni, kò jìnnà sí ìlú Oaxaca. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìdajì ọjọ́, ó kéré tán.

Kòkòrò kékeré kan wà tó ń gbé lára ewé ọrọ́ tí wọ́n ń pè ní nopal, funfun ni lójú bí ẹ̀fun tí wọ́n bù wọ́n ewé. Wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. Ìyá tó ṣe é lójú mi da lẹ́búlẹ́bú náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi omi díẹ̀ sí i, ó di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, pupa náà tàn yòò bí iná. Ó bu ohun tó dà bí eérú sí apá kejì, ó di àwọ̀ elése àlùkò. Àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo, àwọ̀ mẹ́ta, ojú ẹsẹ̀! Nígbà ìjọba Sípéènì, lẹ́yìn fàdákà, kòkòrò yìí wà lára ohun tó níye lórí jù tó ń ti Mẹ́síkò lọ sí Yúróòpù, òun ni wọ́n fi ń pa aṣọ àwọn olówó láró níbẹ̀. Wọ́n tún ń lo ẹlú. Mo ti ojú àwọ̀ dúdú aró wọn dá a mọ̀ kí wọ́n tó sọ, a sì jọ sọ̀rọ̀ bí ìkòkò ṣe ń bàjẹ́ àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti jinná. Afinimọ̀nà ló ń túmọ̀, àmọ́ ọwọ́ la fi sọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìkìlọ̀ kan: awakọ̀ tó gbé wa lọ kọ́kọ́ já wa sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan létí títì, torí wọ́n máa ń fún un ní owó lórí ohun tí àlejò bá rà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yín pé ilé ta ni ẹ ń lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé inú abúlé lẹ fẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pa òwú láró fúnra wọn. Má sì nájà pa ẹni tó fi oṣù púpọ̀ hun ẹní kan. Bí owó yín ò bá tó ẹní ńlá, ẹ ra kékeré.

Olùkọ́ Ìtàn Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ìyá wa aláró. Ẹ jẹ́ n fi Monte Albán àti Mitla kún ti Oaxaca.

Monte Albán ni ìlú àwọn Zapotec, orí òkè tí wọ́n gé pẹrẹsẹ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí ní nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú Kristi. Ní 1932 ni Alfonso Caso ṣí Ibojì Keje, ó sì bá wúrà, egungun tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára àti òkúta oníyebíye níbẹ̀. Àwọn ẹrù náà ò sí lórí òkè o. Inú mùsíọ́mù tó wà ní ilé àwọn àlùfáà àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọ Santo Domingo láàárín ìlú ni wọ́n wà, ọ̀sán ọjọ́ kan náà ló dára kẹ́ ẹ lọ wò wọ́n. Lórí òkè náà, ẹ wá àwọn òkúta tí wọ́n gbẹ́ ọkùnrin oníhòòhò sí, tí ara wọn lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Oníjó ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọ́n. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ lónìí ni pé òkú ẹrú ogun ni wọ́n: ojú wọn dì, wọ́n sì ti gé ẹlòmíràn nínú wọn lára.

Mitla kéré, ó sì rẹwà. Ògiri rẹ̀ kún fún ọnà tí wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta wẹ́wẹ́ tò pọ̀ láìlo àpòrọ́ kankan, wọ́n ṣáà gé wọn ṣe rẹ́gí. Ẹ sún mọ́ ọn títí ẹ ó fi rí ojú ibi tí òkúta méjì ti pàdé.

Puebla ní tirẹ̀, ojú ọ̀nà Oaxaca ló wà, ẹ sùn ibẹ̀ mọ́jú. Cholula wà nítòsí rẹ̀, pírámíìdì tó tóbi jù láyé ní ìwọ̀n ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, àmọ́ koríko ti bò ó, ẹ ó rò pé òkè lásán ni, ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lórí rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Tonantzintla ni kẹ́ ẹ ti pẹ́: áńgẹ́lì, èso àti ìyẹ́ ẹyẹ tí ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fi amọ̀ funfun mọ kún ògiri àti àjà.

Ọmọ Àgbẹ̀ Manchester

Ẹ dákun, ẹ̀yin àgbà, mo ní ìbéèrè kan. Wọ́n ní àwọn orí òkúta ńláńlá ti Olmec, àwọn èèyàn àtijọ́ kan ní Mẹ́síkò, wà nínú mùsíọ́mù Antropología yẹn, àti pé aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà ni wọ́n gbẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè. Rárá o. Òkúta oníná láti òkè Tuxtla ní Mẹ́síkò ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, èyí tó pọ̀ jù láàárín 1200 sí 900 ṣáájú Kristi. Nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti walẹ̀ nílẹ̀ Olmec, wọn ò rí irin iṣẹ́ kan, ìkòkò kan tàbí egungun kan tó wá láti Áfíríkà nígbà náà. Imú fífẹ̀ àti ètè nínípọn yẹn wà lójú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà títí dòní. Àwa tí wọ́n sọ fún nígbà kan rí pé kì í ṣe àwọn baba wa ló rọ orí idẹ Ifẹ̀, a ò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ àwọn èèyàn wa wà ní Mẹ́síkò lóòótọ́, ẹrú ni wọ́n kó wọn lọ. Yanga ṣáájú àwọn tó sá lọ sórí òkè ní Veracruz, wọ́n bá Sípéènì jà títí wọ́n fi fún wọn ní ìlú tiwọn ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìlú náà sì ń jẹ́ Yanga títí dòní. Nínú ìkànìyàn 2020, ó lé ní mílíọ̀nù 2.5 èèyàn tó ní ọmọ Áfíríkà ní Mẹ́síkò làwọn. Ìtàn yẹn dájú, ó sì tó ohun tí ẹgbẹ́ kan lè torí rẹ̀ rìnrìn-àjò.

Arìnrìnàjò Peckham

Teotihuacan kù. Nǹkan bíi kìlómítà 50 ni sí ìlú. Kẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, torí kò sí ibòji rárá, kí gbogbo yín dé fìlà. Pírámíìdì Oòrùn ga tó mítà 65. Ẹ má fi gígun rẹ̀ sínú ètò, ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹnu ọ̀nà pọ̀. Kí awakọ̀ já yín sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tó sún mọ́ Tẹ́ńpìlì Ejò Oníyẹ̀ẹ́, kó lọ dúró dè yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pírámíìdì Òṣùpá, kẹ́ ẹ má bàa rin títì gígùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà kó gbé yín yí lọ sí Tepantitla. Àwòrán ògiri àtijọ́ wà níbẹ̀, àwọn èèyàn kéékèèké tó ń jó, tó ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń ṣeré bọ́ọ̀lù nínú omi àti òdòdó, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í sì yà síbẹ̀.

Afinimọ̀nà tó ní àṣẹ ìjọba máa ń so káàdì mọ́rùn. Ẹ béèrè fún ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ìwalẹ̀, àti ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí a ń fi sétí, torí mẹ́rìnlá ti pọ̀ jù kẹ́ni tó wà lẹ́yìn gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ìyá Ìbejì Houston

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, a ti yọ Palenque, Uxmal àti Chichén Itzá. Ọjọ́ méjì ti wọ Oaxaca sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ìyá wa tó ń fi ọ̀pá rìn ńkọ́?

Olùkọ́ Ìtàn Ìbàdàn

Ẹ má fòyà, mà. Ní Antropología, ẹ lè béèrè kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn púpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní Teotihuacan, ẹ jẹ́ kó bá awakọ̀ lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ Pírámíìdì Òṣùpá, kó dúró níbẹ̀ dè yín. Títì yẹn ní àtẹ̀gùn láàárín. Monte Albán ní òkúta gbágungbàgun, àmọ́ pápá tó wà láàárín tẹ́jú, ẹni tó bá dé etí rẹ̀ ti rí gbogbo ìlú náà. Lọ́jọ́ Mitla, ibi tí wọ́n ti ń wọlé lọ sí gbọ̀ngàn olópòó ní àtẹ̀gùn gíga, ẹ̀gbẹ́ ìta ni kó ti wo ọnà ara ògiri, ó wà níbẹ̀ náà. Ọgbà ewéko lẹ́yìn Santo Domingo á dùn mọ́ ọn nínú, ó tẹ́jú. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn dá wọ ibẹ̀, afinimọ̀nà tiwọn ló ń mú èèyàn yí i, ìgbà tí wọ́n sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe é kò pọ̀ lọ́sẹ̀. Kí iléeṣẹ́ yín kọ̀wé béèrè ọjọ́ náà kí wọ́n tó to ètò Oaxaca.